Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kábíyèsí Sawai Jai Singh Kejì, Ẹni Tó Tẹ Ìlú Jaipur ní Íńdíà Dó

Kábíyèsí,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Láti ọdún 1743 ni ẹ ti wàjà, nítorí náà mi ò retí èsì. Àmọ́ àwọn tó ń ṣàkóso ìlú yín lónìí ṣì ń fi yín yangàn. Ère yín tí wọ́n fi òkúta mábù funfun gbẹ́ wà ní oríta ńlá kan níbẹ̀ tí ọkọ̀ ń yí po látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nílé tiwa, tí ọ̀rọ̀ bá ṣòro láti sọ sí ọmọ lójú, bàbá rẹ̀ la máa ń rò ó fún, níbi tí ọmọ náà ti lè gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ mú wá. Ní oṣù keje ọdún 2019, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Baku, àjọ UNESCO fi ìlú olódi yín kún àwọn ibi tí wọ́n kà sí ogún gbogbo aráyé. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbà ìwòràwọ̀ yín ní 2010, wọ́n sì ti ka Jaipur mọ́ àwọn ìlú tí iṣẹ́ ọwọ́ sọ di olókìkí ní 2015. Oyè mẹ́ta kò tó ọdún mẹ́wàá! Ọba wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé oyè náà fẹ́ dúró sára ògiri, kí ó má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣe torí ògiri lẹ ṣe kọ́ ìlú náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yín nígbà tí ẹ gorí ìtẹ́ ní Amber, ìlú orí òkè tí àwọn baba ńlá yín, ìdílé Kachwaha, ti ń jọba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibi ààbò ni Amber. Kì í rọ ọ̀tá lọ́rùn láti gun òkè náà, àmọ́ kò rọ ọlọ́jà tó ru ẹrù lọ́rùn bákan náà. Àyè há, omi kò tó. Nígbà tí agbára àwọn ọba Mughal ní Delhi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn, ẹ rí i pé àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá ibi tí ọkàn wọn máa ti balẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1727 sì ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Jaipur lélẹ̀.

Ẹni tí ẹ gbé ètò ìlú lé lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀gágun. Vidyadhar Bhattacharya ni, ọmọ Bengal tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó lábẹ́ yín. Ó pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, onígun mẹ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìkọ́lé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà ṣe là á sílẹ̀. Òkè kan wá dí i lọ́nà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Kò bá òkè jà. Ó gbé apá tí òkè kò jẹ́ kó bọ́ sí àyè rẹ̀, ó lọ so ó mọ́ ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ètò náà sì pé. Ààfin àti àwọn ọgbà yín gba méjì nínú mẹ́sàn-án, méje tó kù jẹ́ ti ará ìlú. Òpópónà tó tóbi jù fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 111. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí ilé ti máa ń ṣáájú ọ̀nà, tí ọ̀nà á wá máa wá ibi tó máa gbà kọjá, nítorí náà ẹ má bínú bí títì tó tọ́ gbọọrọ ṣe ń yà mí lẹ́nu tó báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ṣe ohun tí mo ń kan sáárá sí yín fún jù. Ẹ pe àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti Delhi, Agra àti ibòmíràn, ẹ fún wọn nílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òpópónà tirẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn tó ń ta òkúta iyebíye gba Johari Bazaar. Àwọn tó ń ṣe báńgù gba Maniharon ka Rasta. Àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà àti idẹ gba Thatheron ka Rasta, àwọn tó ń gbẹ́ ère òrìṣà sì gba Khajanewalon ka Rasta. Títí dòní, orúkọ wọ̀nyí ṣì wà lára ògiri àdúgbò. Ilé ìtajà wà níwájú, ibi iṣẹ́ wà lẹ́yìn tàbí lókè, ẹbí ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Nínú ààfin fúnra rẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n máa ń kà, tí wọ́n ń pè ní karkhana: Suratkhana ti àwọn ayàwòrán, Pothikhana ti ìwé, Rangkhana ti ìpaláró, Chhapakhana ti aṣọ títẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Kó tó ka ọdún méje, ó ti mọ ìró òòlù tó balẹ̀ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọgbà ìwòràwọ̀ yín, tí wọ́n ń pè ní Jantar Mantar, nítorí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ ìwé nìkan ló wà níbẹ̀. Márùn-ún irú rẹ̀ lẹ kọ́: ní Delhi, Jaipur, Ujjain, Varanasi àti Mathura. Ti Mathura ti pòórá, ti Jaipur ló tóbi jù. Samrat Yantra, agogo oòrùn tó wà níbẹ̀, ga tó mítà 27. Òjìji rẹ̀ ń sún tó mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà lè fi mọ àkókò débi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ rán àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dé Pọ́túgà, wọ́n gba ibẹ̀ mú ìwé ìṣirò ìràwọ̀ tí La Hire ará Faransé ṣe bọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ síta. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gé òkúta náà tí ìlà orí rẹ̀ fi tọ́ tó báyẹn? Ta ló tẹ ògiri ńlá bẹ́ẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ó yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí? Ẹ̀yin lẹ ṣírò, ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́kùúta ló ṣe é. Orúkọ tiwọn kò sí nínú ìtàn tí mo kà.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Àwọn ọmọ yín jà sórí oyè, Ishwari Singh sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní 1750. Pratap Singh kọ́ Hawa Mahal ní 1799, ilé olójú fèrèsé 953 tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀. Ní 1818, Jaipur tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó di abẹ́ ààbò wọn. Ram Singh Kejì ló ní kí wọ́n kun ìlú ní àwọ̀ osùn fún àbẹ̀wò ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, àwọ̀ tí ayé wá fi mọ̀ yín lónìí kì í sì í ṣe tiyín rárá. Ó dùn mí díẹ̀ pé àlejò ni wọ́n torí rẹ̀ kùn ún, àmọ́ ó yẹ ìlú náà, mi ò lè purọ́. Ọba yìí kan náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, òun náà ló fẹ́ràn láti máa ya fọ́tò, àní ó ya àwọn obìnrin ilé rẹ̀ pàápàá. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Albert Hall lélẹ̀, ilé tí wọ́n ṣí ní 1887, tó kún fún iṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà títí dòní.

Èyí tó tẹ̀lé e yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Ní 1902, Madho Singh Kejì fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìfinijoyè ọba Edward Keje. Kò fẹ́ mu omi ilẹ̀ òyìnbó. Ó ní kí wọ́n pọn omi odò Ganges sínú ìkòkò fàdákà ràgàjì tí àwọn alágbẹ̀dẹ yín ṣe, ìkọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 345 lófìfo, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Méjì nínú wọn wà nínú ààfin yín báyìí, àwọn àlejò ń dúró tì wọ́n ya fọ́tò. Kí wọ́n lè ṣe wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó fàdákà ni wọ́n yọ́.

Ní 1949 ni Jaipur bá àwọn ìlú ọba yòókù dara pọ̀ di ìpínlẹ̀ Rajasthan, ó sì di olú ìlú rẹ̀. Ní 1971, ìjọba Indira Gandhi gé owó tí wọ́n ń san fún àwọn ọba. Mi ò kọ̀wé láti sunkún ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ọba ni oníbàárà tó tóbi jù fún oníṣẹ́ ọwọ́. Òun ló ń ra idà, aṣọ, fìlà, àwo, ìwé. Òun ló tún ń dúró dè iṣẹ́ tó gba oṣù mẹ́fà. Nígbà tí oníbàárà yẹn kúrò lọ́jà, àlejò tó ní wákàtí méjì péré kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra ló gba ipò rẹ̀, pẹ̀lú oníṣòwò tó ń kó ẹrù lọ sí òkè òkun tó ń bèèrè ẹgbẹ̀rún kan tó jọra wọn láìyàtọ̀. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró.

Ẹ wo àwo aláwọ̀ aró tí gbogbo ayé ń pè ní ti Jaipur. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé amọ̀ ni. Kò sí amọ̀ ìkòkò nínú rẹ̀. Òkúta kúọ́tì tí wọ́n lọ̀ kúnná ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n fi gíláàsì lílọ̀ sí i, wọ́n fi erùpẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní multani mitti sí i, wọ́n fi bórásì àti oje igi pò ó mọ́ra. Ìyẹ̀fun náà kì í fà bí amọ̀, nítorí náà kò gba kí a máa fi àgbá kẹ̀kẹ́ mọ gbogbo rẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n fi ń mọ ọ́n ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi kóbáltì ya àwọ̀ aró sí i lára, wọ́n á fi bàbà ya àwọ̀ omi òkun, wọ́n á dà á ní gíláàsì, ó di inú ìléru. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wọ iná. Tó bá ti sán, ó ti sán náà nìyẹn.

Ọ̀nà Páṣíà ni iṣẹ́ yìí ti wá sí Íńdíà, ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn ará Jaipur fẹ́ràn láti máa sọ nípa bó ṣe dé ìlú wọn dùn ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní Ram Singh fẹ́ràn láti máa fi káìtì figagbága, eré tí wọ́n ṣì ń ṣe lórí òrùlé gbogbo ìlú náà ní oṣù kìíní ọdọọdún. Àwọn arákùnrin méjì kan wá gé okùn káìtì ọba já ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ọba bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n ní amọ̀kòkò làwọn, àwọn fi gíláàsì tí àwọn fi ń dán àwo, tí àwọn lọ̀, ra okùn náà lára. Ọba kò bínú. Ó ní kí wọ́n wá máa kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo fẹ́ràn ọba tí wọ́n gé okùn rẹ̀ já tó wá ní kí ẹni tó gé e wá ṣe olùkọ́.

Nígbà tó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, iná ìléru náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ayàwòrán kan, Kripal Singh Shekhawat, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Santiniketan àti ní Japan, ló tún un dá. Kamaladevi Chattopadhyay, obìnrin tó ń jà fún iṣẹ́ ọwọ́ Íńdíà, àti ayaba Gayatri Devi ló tì í lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kì í ṣe amọ̀kòkò tẹ́lẹ̀. Ó jókòó ti iṣẹ́ náà, ó kọ́ ọ, ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí ó fi kú ní 2008. Ẹ̀yin tó ń ṣàkóso báyìí, ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹni kan tó tẹpẹlẹ mọ́ ọn, ẹni méjì tó lówó tó sì lẹ́nu láwùjọ, iṣẹ́ kan yè. Kò nílò àpérò.

Aṣọ ló sún mọ́ mi jù, nítorí náà ẹ fún mi láyè. Ìlú kékeré méjì ló wà lẹ́bàá Jaipur tó ń fi òǹtẹ̀ igi tẹ aṣọ, Sanganer ní gúúsù àti Bagru ní ọ̀nà Ajmer, àwọn ìdílé Chhipa ló sì ni iṣẹ́ náà. Ti Sanganer máa ń jẹ́ òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ lórí aṣọ funfun. Ti Bagru dúdú, ó pupa, ó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀. Igi líle ni wọ́n fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀ náà, wọ́n á rì í sínú òróró kí ó má baà sán. Òǹtẹ̀ kan fún ìlà ẹ̀bá òdòdó, òmíràn fún ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn fún àwọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í fi rúlà wọn nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ló ń wò, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá òǹtẹ̀ náà, ó ń sún, ó ń gbá.

Ní Bagru, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi èso harda, ó máa pọ́n bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Bàtà ẹṣin tó ti dípẹtà àti irin àlòkù ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò pẹ̀lú ṣúgà ìrèké, kí ó bà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Omi tó bá jáde níbẹ̀, tí wọ́n bá fi tẹ aṣọ tó ti mu harda, ojú ẹsẹ̀ ló ń dúdú. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń tẹ̀ sí ibi tó yẹ kó pupa, wọ́n á wá sè é nínú aró pupa. Lẹ́yìn náà ni dabu: ẹrẹ̀, ẹfun ìkọ́lé, oje igi, àti àlìkámà tí kòkòrò ti jẹ, tí wọ́n pò pọ̀. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ yìí síbi tí wọn kò fẹ́ kí aró dé, wọ́n á bu ìdọ̀tí pákó tí wọ́n fi ayùn gé wọ́n ọn lórí kí ó má lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sá a sóòrùn, ó di inú ìkòkò aró. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ibi tí ẹrẹ̀ bò ló máa yọ.

Ẹni tó bá ti rí ìyá kan ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tó ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò nílò kí n ṣàlàyé ìyókù. Tiwa jẹ́ ẹ̀kọ, tiwọn jẹ́ ẹrẹ̀. Àwa ń fi omi eérú ji aró, àwọn ń fi ẹfun. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹnì kejì. Àwọn ènìyàn méjì tó jìnnà síra wọn ló jókòó ti ìkòkò aró, tí wọ́n sì bá a jà títí ó fi gbọ́ tiwọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń mọ ohun tó ń dun wọ́n láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi: ẹ̀rọ tó ń tẹ irú òdòdó kan náà sórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n á wá tò ó sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn lọ́jà, orúkọ kan náà, ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Àwọn tiwa ní Ìtòkú mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ìjọba Íńdíà gbìyànjú. Wọ́n ti fi orúkọ aṣọ Sanganer, aṣọ Bagru àti àwo aláró ti Jaipur sábẹ́ òfin, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ má baà máa lo orúkọ náà. Òfin dára. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ aṣọ láti òwúrọ̀ kì í ṣe agbẹjọ́rò, kò sì ní owó tó máa fi lé ẹni tó jalè orúkọ rẹ̀ kiri ilé ẹjọ́. Ìjọba ló yẹ kó rán ènìyàn lọ sọ́jà lọ yẹ aṣọ wò. Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Bí ilé ìpaláró ṣe pọ̀ ní Sanganer, tí aró òyìnbó sì gba ipò ti ewé àti gbòǹgbò, omi ìdọ̀tí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú odò tó ń kọjá níbẹ̀, tí àgbẹ̀ sì ń fi bu omi rin ewébẹ̀. Àwọn ará ìlú pariwo, ilé ẹjọ́ dá sí i, wọ́n ní kí wọ́n máa sẹ́ omi náà kí ó tó jáde. Ẹjọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìsẹ́mi ju agbára ẹni tó ní tábìlì méjì lọ, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ńlá ló lè san án. Tí wọ́n bá fi òfin kan náà lu àwọn méjèèjì, ẹni kékeré ló máa kọ́kọ́ kógbá wọlé, nígbà tó jẹ́ pé aró tirẹ̀ kọ́ ló pọ̀ jù nínú odò.

Ẹ jẹ́ kí n padà wọ inú ògiri. Maniharon ka Rasta ṣì wà, Kábíyèsí, báńgù sì ṣì ń dán níbẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Oje kòkòrò kékeré kan tó ń gbé lára ẹ̀ka igi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á yọ́ ọ lórí èédú, wọ́n á pò ó mọ́ àwọ̀, wọ́n á yí i gbọọrọ lórí pákó, wọ́n á ká a bìrìkìtì nígbà tó ṣì gbóná, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan níwájú oníbàárà. Obìnrin tó ń lọ sílé ọkọ kì í lọ láìsí i lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni àwọn Manihar, ìyẹn àwọn tó ń ṣe báńgù náà. Àwọn náà ló ń ṣe gulal gota, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí láti inú oje yẹn kan náà títí ó fi fẹ́lẹ́ bí awọ ẹyin, tí wọ́n á wá rọ ẹ̀tù aláwọ̀ sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún Holi, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, àwọn ọba ìdílé yín máa ń wà lórí erin, wọ́n á máa jù ú lu àwọn ènìyàn nígboro, á fọ́, àwọ̀ á tú jáde, kò ní dun ẹnikẹ́ni. Iye ìdílé tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ mọ́. Ní àkókò tí àwọn olóṣèlú ń fi ẹ̀sìn ya ará ìlú kan náà nípá, mo rò pé ó yẹ kí ẹnìkan máa ka iye wọn.

Khajanewalon ka Rasta le ju bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ̀wé nípa rẹ̀. Òkúta mábù láti ìlú Makrana ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi kọ́ Taj Mahal. Ère Krishna, Ganesh àti Durga tó ń jáde láti òpópónà yẹn wà nínú tẹ́ńpìlì káàkiri Íńdíà àti ní òkè òkun. Ẹ̀rọ ti gba ipò òòlù àti irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó sì yá. Ohun tó ń bá a rìn ni eruku. Funfun ni gbogbo nǹkan níbẹ̀: ìlẹ̀kùn, ajá, irun orí ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí eruku òkúta ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ohun ìbomú gidi àti omi tó ń kán sórí ẹ̀rọ bó ṣe ń gé kì í ṣe nǹkan olówó gọbọi. Wọ́n ná ju ìyẹn lọ lórí iná mèremère tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sára Hawa Mahal lálẹ́.

Nípa òkúta iyebíye, mi ò ní pẹ́. Johari Bazaar kò nílò ìrànlọ́wọ́ mi. Òkúta ẹ́míráàdì ń bọ̀ láti Zambia àti Colombia wá gba gígé àti dídán ní Jaipur, ó sì ń tibẹ̀ lọ káàkiri ayé. Ẹ̀rín ń pa mí pé ilẹ̀ Áfíríkà ń wa òkúta, Jaipur ló ń jẹ èrè ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Kí n tó sọ ohun tí mo ń bèèrè, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín tí ẹ kò lè mọ̀, torí àwọn kan máa sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ni mo ń ṣàárò, pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Ní 1968, ní ilé ìwòsàn Sawai Man Singh tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tó jọba lẹ́yìn yín, oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó ń jẹ́ Ram Chandra Sharma. Kò kàwé púpọ̀. Àwọn aláìsàn ló ń kọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Ó ń rí àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ wọ ẹsẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fún wọn, torí ó wúwo, ó wọ́n, kò sì jẹ́ kí wọ́n lóṣòó tàbí kí wọ́n kákò jókòó sílẹ̀. Òun àti dókítà P. K. Sethi jọ ronú sí i, wọ́n sì fi rọ́bà irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe táyà ọkọ̀, pẹ̀lú igi, ṣe ẹsẹ̀ kan tí ènìyàn lè fi rìn láìwọ bàtà, tó lè fi wọ oko ìrẹsì, tó lè fi gun igi. Ẹsẹ̀ Jaipur ni ayé ń pè é. Láti 1975 ni ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ti ń ṣe é fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ogun ti gé ènìyàn lẹ́sẹ̀, ní Éṣíà àti ní Áfíríkà. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan ló kọ́ Sharma ní ohun tó mọ̀ nípa bí igi àti rọ́bà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ síra wọn. Irú òpópónà tí ẹ là sílẹ̀ ló kọ́ ọ.

Òpópónà wọ̀nyí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti dé Badi Chaupar, oríta ńlá kan nínú ògiri, láti 2020, àlejò ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ inú ògiri sì ń wọ́n sí i. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń lu bàbà ń di ibi ìkẹ́rùsí, òkè tí wọ́n ti ń dán òkúta ń di ilé ìtura, níwájú ni báńgù tó ti Firozabad wá wà, ìlú ibi tí wọ́n ti ń fi gíláàsì ṣe é. Ojú ilé kò yí padà. Àwọ̀ osùn pé. Olùyẹ̀wò tó bá wá láti ọ̀dọ̀ UNESCO máa rí ohun tó fẹ́ rí, ó máa fọwọ́ sí i.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀: kí owó orí ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní tòótọ́ kéré ju ti ilé ìtajà lọ. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni tó fẹ́ sọ ibi iṣẹ́ di ilé ìtura láìjẹ́ pé wọ́n bi àwọn ará òpópónà náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jókòó pinnu ọ̀rọ̀ inú ògiri, kí Manihar kan wà níbẹ̀, kí Chhipa kan láti Bagru wà níbẹ̀, kí agbẹ́re kan tí eruku ṣì wà nírun rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n má sì wà níbẹ̀ fún fọ́tò. Kí wọ́n ní ìbò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Aláṣọ kan láti Ìbàdàn